Ìtọ̀ Suwaibat

Mọ́ńdè, 2 Júùnù 2025
Tù-Ṣọ́ọ̀ jẹ lọ́tò. Ọkọ mi nìyẹn. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, torí kò sí ọjọ́ tí kì í ní nọ́ńbà méjì tó dá a lójú bí ikú. Ó ra adìẹ wálé, ó ń kọrin láti ẹnu géètì. Ó ní bí òun ṣe ń mú nọ́ńbà lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́tò Akpos ní Bọ́ńdárì ni Suwaibat ọmọ wa tọ̀ sí òun lẹ́sẹ̀. "Ìyá Suwai, ìtọ̀ yẹn ni! Ìtọ̀ ọmọ, ire ni!"
Màmá mi náà máa ń sọ ọ́. Àmọ́ kí inú má baà bí ẹni tí ọmọ tọ̀ sí lára ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo jẹ adìẹ náà.

Wẹ́sìdeè, 4 Júùnù
Mo ti ibi tí mo ti ń dirun dé. Páńpáàsì tí mo kó kalẹ̀ fún ọmọ wà bó ṣe wà. Ọmọ wà níhòòhò, píọ́ wọ́tà lẹ́nu, ikùn rẹ̀ le bí ìlù.
Tirela tí bàbá rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ ò tíì rí ọ̀nà wọ èbúté Wharf, torí náà òun ló ń bá mi wo ọmọ. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Ó gbọ́dọ̀ mumi kó tó lè tọ̀ ná."

Tọ́sìdeè, 5 Júùnù
Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Akpos fúnra mi. Yé! Àwọn géńdé jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń gbé ọmọ mi láti itan dé itan. Nnaemeka tó ń ta bàtà ní òun ò ní fọ ṣòkòtò tó tọ̀ sí títí òun á fi jẹ. Mo já ọmọ gbà. Akpos ń rẹ́rìn-ín: "Madam, leave am small. Na blessing she dey share." Ọmọ Ire ni wọ́n ń pè é.
Tù-Ṣọ́ọ̀ ní mo dójú ti òun láàárín ọkùnrin.

Jímọ̀, 6 Júùnù
Iléyá. Ìyá onílé fún wa lẹ́ran. Tù-Ṣọ́ọ̀ ò jẹ ẹsẹ̀ ẹran — kí ire má baà sá lọ.

Mọ́ńdè, 9 Júùnù
Gbogbo wọn ló fi ọjọ́ ìbí Suwaibat ta lọ́tò. Kò sẹ́ni tó jẹ.
Nnaemeka wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní ọmọ wa ti ba ọjà òun jẹ́. Tù-Ṣọ́ọ̀ jókòó, ó káwọ́ lérí. Ọmọ ti kọ́ nǹkan tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn — ó rọra gun itan rẹ̀, ó tọ̀, ó wá ń wojú rẹ̀ bóyá yóò rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀ gbì. "Olóṣì! Gbé ìtọ̀ òṣì ẹ kúrò lára mi!"
Mo ní, "Ọmọ yín lẹ ń pè bẹ́ẹ̀?"
Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Wẹ́sìdeè, 11 Júùnù
Ó ti dorúkọ. Bí mo bá pọ̀n ọ́n kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Akpos, wọ́n á ní, "Olóṣì kékeré ń bọ̀ o, ẹ gbé tíkẹ́ẹ̀tì yín pamọ́!" Ẹ̀rín á bú. Àwọn tí ò gbọ́ Yorùbá gan-an ń pè é. Tó bá ti gbọ́ ọ, á juwọ́ sí wọn.
Èmi ò gba ìtọ̀ gbọ́. Mi ò gba nọ́ńbà ojú àlá gbọ́, tàbí síńgílẹ́ẹ̀tì tí Tù-Ṣọ́ọ̀ máa ń wọ̀ sódì. Orúkọ ńkọ́? Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń lé ọ̀rọ̀ yìí lọ, kò lọ.

Tọ́sìdeè, 12 Júùnù
Ó rẹ̀ mí.

Sátidé, 14 Júùnù
Mò ń dirun fún Tinú. Ó fọwọ́ kan ọmọ mi lẹ́rẹ̀kẹ́: "Bèbí, kí lorúkọ ẹ?"
Ọmọ ọdún kan àbọ̀. Mi ò tíì gbọ́ kó pe orúkọ ara rẹ̀ rí. Ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó rẹ́rìn-ín.
"Óṣì."
Tinú bú sẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè, ó rí ojú mi, ó yára tẹrí ba.
Mo dirun náà tán, mi ò mọ bí mo ṣe dì í. Mo di ẹrù. Ọ̀dọ̀ màmá mi ní Badia ni mo ti ń kọ èyí.

Mọ́ńdè, 16 Júùnù
Màmá ní kí n má nà án, kí n má jágbe mọ́ ọn. Kí a ṣáà máa pe orúkọ tí àáfà pè sí i létí. Suwaibat, wá wẹ̀. Suwaibat, gba ẹ̀kọ. Kì í wẹ̀yìn bí a bá pè é.

Wẹ́sìdeè, 18 Júùnù
Tù-Ṣọ́ọ̀ wá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Ó ní ilé ti dá páropáro, kí a máa bọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì yọ orí lápò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.
Ọmọ ni Màmá kọjú sí: "Sọ orúkọ ẹ fún bàbá ẹ."
Ó sáré lọ bá a. Inú rẹ̀ dùn — ó ti pẹ́ tó ti rí i. Ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó gbójú sókè, ó fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀.
"Óṣì! Óṣì!"
Ó ń dúró kí bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín.
Tù-Ṣọ́ọ̀ wò mí. Mi ò ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó yá ló kúnlẹ̀ níwájú ọmọ, ó ní, "Suwaibat." Ó tún un pè. Ọmọ bojú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí bàbá rẹ̀ ń pè.