Èébú Tí Wọ́n Fi Gbè Mí Lẹ́yìn

Sunday, ìrọ̀lẹ́

Inú ṣì ń bí mi.

Lọ́jọ́ Furaidé ni kóòtù ju Yọ̀mí sẹ́wọ̀n, ọkọ Bísí àbúrò mi, tó lù ú títí àgbọ̀n rẹ̀ fi kán. Lónìí, lẹ́yìn ìsìn, mo sọ ọ́ fún àwọn obìnrin nínú kíṣìnnì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúgbò Parsloes, nílùú òyìnbó níbí. Mo ní ó tọ́ sí i, kódà ó kéré.

Ni Ìyá Dàmi bá pariwo: "Kí lẹ ń retí lọ́wọ́ àfín? Ẹni tí kì í jẹ iyọ̀!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé èmi ni wọ́n ń gbè lẹ́yìn.

Sister Dúpẹ́ wà níbẹ̀ o, ó ń bu ìrẹsì fún wọn. Àfín lòun náà, bíi ti Yọ̀mí. Ìyá Dàmi wá fọwọ́ kàn án léjìká: "Ìwọ kọ́ là ń bá wí o, tìẹ yàtọ̀."

Yàtọ̀ báwo? Ọwọ́ ni Yọ̀mí fi lu Bísí, kì í ṣe àwọ̀. Àwọn ọkùnrin dúdú kirikiri tó ń lu ìyàwó wọn ńkọ́, iyọ̀ wo làwọn ò jẹ? Ọ̀rọ̀ yẹn rí mi lára. Síbẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́ mà" nìkan ló jáde lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo ń lọ, Dúpẹ́ sáré bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ike gbẹ̀gìrì kan lé mi lọ́wọ́. "Áńtí, ṣé àbúrò yín ti lè la ẹnu? Ẹ jẹ́ kó máa mu èyí."

Bísí ti mu ún tán. Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé.

Nínú gbogbo àwọn tó bá mi bú Yọ̀mí, kò sẹ́ni tó béèrè Bísí.