Ilẹ̀kùn Mọ́tò Bàbá Ìbejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú ń bí mi, mi ò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní sọ pé kí n lọ gbàdúrà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí ẹ máa ń jókòó sí fá irùngbọ̀n, tí mo ń kọ̀wé sí yín.

Màámi fẹ́ lọ́kọ.

Mo ti sọ ọ́. Bàbá Ìbejì ni gbogbo ìjọ ń pe ọkùnrin náà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú kí ẹ̀yin tó lọ. Àwọn ìbejì rẹ̀ ti dàgbà, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé. Òun ló ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Agbára, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé. Ẹ má bínú pé "ó" ni mò ń pè é. Mo mọ̀ pé àgbà ni, tí mo bá sì rí i, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin la ni ìwé yìí, "wọ́n" kò sì fẹ́ jáde lọ́wọ́ mi.

Kò ṣe ohun tó burú kan. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Kì í mutí, kì í pariwo. Tó bá dé lọ́jọ́ Sátidé, á gbé mọ́tò rẹ̀ wọlé, á kí wa, á wá jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Kì í dé ibi àga tiyín, bíi pé ẹnì kan ti kìlọ̀ fún un. Màámi á gbé oúnjẹ fún un, òun á sì ní ó dùn. Ẹ̀yin kì í sọ pé oúnjẹ dùn, bàbá mi. Ẹ kàn máa ń jẹ ẹ́ tán ni, ẹ ó sì fi ìka nu àwo. Kí ló dé tí ẹ kì í sọ ọ́? Ẹ ò mọ bí ojú Màámi ṣe máa ń rí nígbà tí ọkùnrin yìí bá sọ ọ́. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀ ni.

Lóṣù tó kọjá, bó ṣe ń fi ẹ̀yìn mọ́tò wọlé, atẹ́gùn ti géètì wa, irin etí rẹ̀ sì ha ilẹ̀kùn mọ́tò náà láti ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ṣí i títí dé ẹ̀yìn. Mọ́tò dúdú ni, ó ń dán. Ìlà funfun kan ṣáà là á gbọọrọ, bí ẹni fi ẹfun fà á. Mo wà lójú fèrèsé. Bàbá mi, inú mi dùn. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín gbé géètì yẹn kọ́, mo sì ní, ẹ ṣeun.

Inú mi kò dùn pẹ́. Màámi jáde, wọ́n fọwọ́ kan ibẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé, "Ẹ má gbé e lọ fún oníṣẹ́ ọ̀dà kankan o. Ọmọ mi mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ."

Ojú mi ṣókùnkùn. Nǹkan tó kù sí mi lọ́wọ́ lára yín kò pọ̀. Àbúrò yín ti wa mọ́tò yín lọ sí Abẹ́òkúta. Aago yín kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àárọ̀ Sátidé yẹn, tí ẹ bá ti gbé mọ́tò sábẹ́ igi máńgòrò, tí ẹ̀ ń wá gbogbo ibi tí àwọn ọlọ́kadà ìlú Ṣàngó ti ha á lára, tí mò ń gbé ike omi tẹ̀ lé yín, tèmi ni wọ́n. Ẹ ó fi èékánná àtàǹpàkò fa ojú ibi tó ha. Bí èékánná bá yọ̀ kọjá, ẹ ó ní awọ lásán ni, pọ́líìṣì á mú un kúrò. Bí èékánná bá kọ́ níbẹ̀, ẹ ó ní ó ti dé ẹran, ó ń fẹ́ ọ̀dà. Mo rò pé àwa méjèèjì nìkan la ni ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò mọ̀ pé Màámi ń gbọ́ wa. Báwo ni wọ́n ṣe wá gbé e fún ẹlòmíràn, bí ẹni bu iyọ̀ fún aládùúgbò?

Mi ò lè kọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ gbé e wá ní Sátidé tó ń bọ̀, sà. Ẹ bá mi ra ọ̀dà rẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń po ọ̀dà mọ́tò ní Ṣàngó. Ẹ fi nọ́ńbà àwọ̀ tó wà lára òpó ilẹ̀kùn hàn wọ́n, kó má baà yàtọ̀."

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé ní Sátidé náà (ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ni mo wà báyìí), Bàbá Ìbejì ti wà nínú ọgbà wa, ó ti ká ọwọ́ ẹ̀wù, ó ti fọ mọ́tò náà mọ́ tónítóní. Ó ní, "Kọ́ mi ni, ọmọ mi. Kí n má baà máa yọ ẹ́ lẹ́nu nígbà míì."

Ọmọ mi. Ìyá tó ń ta ata ní ìkòríta wa náà ń pè mí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò dùn mí rí. Ṣùgbọ́n lẹ́nu tirẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ó wọ bàtà yín.

Sáńpépà méjì ló wà nínú páálí tí ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀kan le gbágbágbá, òun lẹ fi máa ń ha ìpẹtà ara géètì. Èkejì kúná bí ìwé, òun ni ti mọ́tò. Èyí tó le ni mo mú fún un. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó rì í sínú omi ọṣẹ, ó wo ojú mi bí ọmọ ilé-ìwé, ó ní, "Ṣé bí mo ṣe máa mú un nìyí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ilé-ìwé tí wọ́n ń rán wà lápá wọn. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lọ síbi ilẹ̀kùn. Mo ti ń rí bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe máa rí: á ṣú, á rí yánnayànna bí ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó pé tí àwọn èèyàn bá bi í léèrè ẹni tó bà á jẹ́, orúkọ yín ni wọ́n máa dá. Wọ́n á ní, ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn. Mo gbá a lọ́wọ́ mú.

"Ẹ dúró, sà! Kì í ṣe ìyẹn!"

Ó wo sáńpépà náà, ó fi àtàǹpàkò kàn án wò, ó wá wò mí. Mo rò pé ó yé e. Ó kàn ní, "O ṣeun tó o tètè rí i," ó sì rọra gbé e sílẹ̀. Màámi yí padà wọlé.

A lẹ téèpù sí òkè àti ìsàlẹ̀ ìlà náà. Mo fún un ní èyí tó kúná. Ọwọ́ rẹ̀ le, ó ń tẹ̀ ẹ́ jù. Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Omi ni kó ṣiṣẹ́. Ẹ rọra fọwọ́ pa á bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí." Ọ̀rọ̀ yín ni, ohùn yín gan-an ni. Ó ṣe bí mo ṣe wí. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré inú ìgò ọ̀dà èékánná mi kun ọ̀dà ìsàlẹ̀, èyí tó máa ń ṣáájú ọ̀dà dúdú, sínú ìlà náà díẹ̀díẹ̀, mo sì ní ká fi sílẹ̀ kó gbẹ.

Mo lọ fọwọ́ ní kíṣìnnì. Màámi wà níbẹ̀.

"Mo rí ẹ," ni wọ́n wí. "Mo rí èyí tó o kọ́kọ́ fún un."

Mo tún fi ọṣẹ sọ́wọ́.

"Gbọ́ mi dáadáa. Tó o bá ní kí n má fẹ́ ẹ, mi ò ní fẹ́ ẹ. Mi ò sì ní bínú sí ẹ."

Bàbá mi, ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí rèé, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tó jáde yàtọ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin ti rí ọkọ míì. Níbo lèmi ti fẹ́ rí bàbá míì?"

Wọ́n fà mí mọ́ra. Ọwọ́ wọn ń rùn fún epo ẹ̀rọ ìránṣọ. "Kò sí," ni wọ́n wí. "Kò sí níbì kankan. Ìdí tí mo fi ní kó o ṣe mọ́tò yẹn nìyẹn. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ilé yìí ní bàbá."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo kun ọ̀dà dúdú. Nígbà tó gbẹ, mo fi ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán bò ó. A fi sílẹ̀ di Sátidé kejì kó lè le dáadáa, kí a tó fi pọ́líìṣì pa á. Òun ló pa á, ó ń yí àkísà po, kò sì kánjú. Nígbà tó tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó ha, kò rí i. Ó ké pe Màámi. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ papọ̀, ojú wọn sì hàn lára ilẹ̀kùn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, dúdú, tó ń dán. Màámi rẹ́rìn-ín. Èmi wà lẹ́yìn wọn.

Mo ní, "Màámi, ẹ lọ mú ọjọ́."

Màámi fi gèlè bojú. Ọkùnrin náà yọ fìlà rẹ̀, kò sì dé e padà títí tó fi lọ.

Wọ́n ti mú ọjọ́. Màámi yóò kó lọ sí Agbára. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé wọn, mo ní rárá. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ sínú àpótí, wọ́n sì ń kọ orin lábẹ́lẹ̀. Mo gbà fún wọn, mo sì ń jowú síbẹ̀. Mò ń jowú àga tí wọn yóò jókòó sí lọ́hùn-ún. Mò ń jowú orin yẹn. Ṣé wọ́n ti kọ ọ́ fún yín rí?

Mi ò mọ̀ bóyá òkú máa ń jowú. Bí ẹ bá ń jowú, bàbá mi, ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀nba. Ẹ fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀ fún èmi tí mo ṣì wà láyé. Mo lágbára láti gbé e.

Èmi ni,
ọmọ yín tó nífẹ̀ẹ́ yín, tí kò ní bàbá méjì.