Yọ Ohùn Ìbídùnní Kúrò Níbẹ̀

Tìrìmísíyù, Àjàní ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ará ilé yín ní Ìkòròdú. Ọkọ̀ tó ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ kò ní gbàgbé láti gbé ọ padà, àmín. Bísíríyù tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí lọ́dẹ̀dẹ̀ mi. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi tirẹ̀ kún un.

Àwa náà wà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹja wọ́n ní Ọjà Olúwo, àbúrò bàbá rẹ ṣì ń bá gbogbo ènìyàn jà, ewúrẹ́ mi bí méjì, ọ̀kan kú. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ti àwo orin yẹn. O ní ìwọ àti àwọn òyìnbó kan ń to orúkọ gbogbo àwo àtijọ́ tí wọ́n ya àgbọ̀nrín sí láyà sínú íńtánẹ́ẹ̀tì, pé nọ́ńbà wọn tẹ̀ léra àyàfi ọ̀kan tí ẹ kò rí, àwo wákà tí àwa ọmọge Ẹ̀pẹ́ kọ. Mo ní kí ẹ fò ó. O kò gbọ́. Òyìnbó kan wá rí i nínú àpótí, ó fi ránṣẹ́, o sì gbé orin náà síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè tẹ̀ ẹ́ kó gbọ́. O tún pè mí lórí fóònù, o gbé e sí mi létí, o ní kí n dárúkọ àwọn tó ń kọrin, kí iṣẹ́ yín lè pé.

Ó dáa, gbọ́. Ìbídùnní ló máa ń dá orin, àwa ń gbè é. Ọkọ̀ ojú omi dà á sínú ọ̀sà kí a tó lọ sí Èkó lọ kọrin sínú àwo. A kò rí òkú rẹ̀. Mọ̀nsúrát ló dá orin lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo jáde, ohùn Ìbídùnní ló wà nínú rẹ̀, ó ń pè wá lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti máa ń ṣe, kí ẹni tó pè lè dáhùn. Mọ̀nsúrát gbọ́ orúkọ tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó dáhùn. A sin ín kí oṣù náà tó parí. Ẹni tó ni àwo bá kó gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́jà. Ìdí tí ẹ kò fi rí i nìyẹn. Àwọn tó dáhùn ti lọ tán. Èmi kò dáhùn rí, mi ò sì ní dáhùn.

Kí o tó gbé e síbẹ̀, ilé mi dákẹ́. Nísinsìnyí, bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ níbikíbi láyé, èmi ló ń pè níbí. O ní ó dùn mọ́ àwọn òyìnbó, pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lemọ́lemọ́. Mo mọ̀. Bí wọ́n bá ń jẹun ló máa ń dákẹ́ díẹ̀. Mo fi gèlè wé fóònù, mo gbé e sínú ìkòkò, mo dé e. Ohùn náà ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tí kò sí ọ̀nà, omi ọ̀sà nìkan. Mo gbé fóònù fún Bísíríyù pé kó yọ Ìbídùnní kúrò nínú rẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Ìyá, kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀ níbí." Mo ní ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Nítorí náà, yọ orin náà kúrò. Kọ nọ́ńbà rẹ̀, kí o fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò pé kì í pa ènìyàn.

Fi owó ránṣẹ́ kí n fi pe bíríkìlà, kó mọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa. Má gba báńkì o, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ owó ẹlòmíràn, mi ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ tèmi. Fún awakọ̀ Agbówà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tí ìwọ náà bí tọ́jú rẹ, ẹ̀mí rẹ á gùn, àmín.

Ìyá bàbá rẹ ni,
Ṣẹ̀rífátù.

Mo ní kó tún kọ èyí sí i. Bísíríyù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni. Ó ní nígbà tí mo wọlé lọ mumi, obìnrin kan pè mí láti ẹ̀yìnkùlé, ó pè mí títí, kò sì yẹ kí àgbà máa pariwo bẹ́ẹ̀, òun bá mi dá a lóhùn pé mò ń bọ̀.

Má fún awakọ̀ lówó mọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o wá.