Ètùtù Tí Bàbá Fẹ́ Fọwọ́ Ara Wọn Ṣe

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ilé Awakọ̀ Àgbà,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Búrẹ́dì.
                                        Ọjọ́ Àìkú, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Arẹ́rìn-ín-sunkún,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ jòjòló ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ fojú kan oorun? Ẹ̀yìn tó ń dun màmá rẹ, ṣé ó ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Bí o kò bá tíì jẹun, tètè jẹun kó o tó kàwé yìí, torí ẹ̀rín inú rẹ̀ kì í ṣe ti ikùn òfìfo.

Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó mi! Mo ti jó yí yàrá yìí ká títí tí ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ fi ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà. Àmọ́ díẹ̀ ló kù kó má ṣeé ṣe. Bàbá mi ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe.

O mọ̀ pé Màmá oníbúrẹ́dì tó múlé tì wá ni ìyá àfẹ́sọ́nà mi. Bí ìsìn ṣe parí lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Bàbá wá agbòjò wọn tì. Wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n rí èyí tó jọ ọ́ lọ́wọ́ Màmá oníbúrẹ́dì, ni wọ́n bá pariwo níwájú gbogbo ìjọ pé, "Ẹ bá mi mú olè yẹn!" Omi kàn lé ròrò sí Màmá lójú. A délé, agbòjò Bàbá ń wò wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ojú ti Bàbá débi pé wọn ò lè jẹun. Wọ́n lọ bẹ Màmá, Màmá sì ní àwọn ti dárí jì wọ́n. Ṣé Bàbá gbà? Wọ́n ní ẹyin lohùn, èyí tí àwọn fọ́, àwọn fúnra àwọn làwọn máa tò ó. Wọ́n búra pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ti ìgbéyàwó, àwọn ò ní jókòó nílé Màmá títí àwọn á fi fọwọ́ ara àwọn ṣètùtù ọ̀rọ̀ náà. Mo sunkún, àfẹ́sọ́nà mi dọ̀bálẹ̀, pásítọ̀ sọ títí. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

Ìwọ náà mọ̀ pé yàtọ̀ sí ọkọ̀ wíwà, kò sóhun tí Bàbá mọwọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì tó máa ń ké bí ewúrẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ tún ṣe. Kò ké mọ́ lóòótọ́, torí kò ṣí mọ́! Ojú fèrèsé làwọn oníbàárà ti wá ń gba búrẹ́dì. Bàbá ní ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn, òun náà gbọ́dọ̀ ní ètùtù tiẹ̀, ni wọ́n bá gun inú àjà lọ dí ibi tó ń jò. Àwa tá a wà nísàlẹ̀ kàn rí ẹsẹ̀ Bàbá tó já àjà yọ lókè, bàtà wọn sì já bọ́ pòó sáàárín ìyẹ̀fun pípò. Màmá di ẹnu mú kí ẹ̀rín má bàa bú. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀ṣẹ̀ yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ò dùn mí tó ètùtù ẹ̀!"

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wálé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Ṣé bí mo ṣe máa kú sínú ẹ̀ nìyí?" Àánú wọn ṣe mí. Àtikékeré la ti ń gbọ́ pé Jésù ti ṣètùtù ẹ̀ṣẹ̀ wa, "Àmín" Bàbá ló sì máa ń ròkè jù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, wọn ò gbà pé ènìyàn lè ṣẹ̀ kó má sì ní agbára àtitún un ṣe. Èmi náà ò mọ bí mo ṣe lè là á yé wọn.

Àfi bí a ṣe gbọ́ tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn lánàá, nínú òjò. Màmá oníbúrẹ́dì ni, pẹ̀lú agbòjò ọjọ́sí lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ti pe káfíńtà, ilẹ̀kùn ti ṣí, àjà ti dí, àwọn sì ti dìde níwájú ìjọ, àwọn ní kò sí ìjà láàárín àwọn àti àna àwọn mọ́. "Gbogbo ẹ̀ ni mo ti ṣe tán, Bàbá. Ẹ dìde ká lọ jókòó."

Bàbá ní, "Kí wá ni tèmi níbẹ̀?"

"Kò sí. Ẹ tiẹ̀ má fọwọ́ kan nǹkan kan!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún sì di ẹkún mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ẹni tí mo ṣẹ̀ náà ló tún wá bá mi ṣètùtù. Ohun tí pásítọ̀ ti ń wí látọjọ́ yìí nìyí?"

Bí wọ́n ṣe lọ jókòó nìyẹn, tá a sì dá ọjọ́. Ẹsẹ̀ tábìlì kan ń mì. Mo rí ọwọ́ Bàbá tó ń yọ́ lọ síbẹ̀, Màmá gbá a pàá!

Bá mi kí ọkọ rẹ àti màmá rẹ. Gbé ọmọ sọ sókè fún mi lẹ́ẹ̀kan, kó o rọra hán an o. Kó o sì tètè wá, ìwọ lo máa dúró tì mí lọ́jọ́ náà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé eléyìí. Nígbà tá à ń lọ, agbòjò Màmá ò gba ẹni méjì. Bàbá fẹ́ padà lọ mú tiwọn, Màmá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tó wà. Èmi da báàfù ìfọṣọ borí, mò ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, nítorí náà mo rí i dáadáa: orí Bàbá nìkan ni Màmá na agbòjò náà sí. Nígbà tá a fi máa dé ilé Màmá, ẹ̀kán omi kan ò kan Bàbá, òjò sì ti pa Màmá látorí dẹ́sẹ̀.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ayọ̀ ò jẹ́ kó jókòó,
Ìyàwó-Ó-Kù-Díẹ̀.