Oògùn Ìtọ̀ Tí Ẹ Pín fún Ọ̀rẹ́ Yín

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú ara. Mo kí Màámi, mo kí Bọ̀dá Táyé, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ọ̀kà. Òtútù ti dé sí ìlú òyìnbó níbí. Kí n tó rìn dé ibi iṣẹ́, ìka mi á ti kú.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Bí mo bá fún bàbá kan lóògùn, mo gbọ́dọ̀ dúró kí n rí i pé ó gbé e mì kí n tó fọwọ́ sí ìwé. Mi ò bá wọn tan, síbẹ̀ wọn kì í purọ́ fún mi.

Ẹ̀yin purọ́ fún mi, Bàbá.

Nígbà tí dókítà ní Ìkàrẹ́ sọ pé ẹran tó yí ọ̀nà ìtọ̀ yín ká ti wú, ó ní kí ẹ máa lo hóró kan lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí ẹ má sì máa sáré dìde, torí òòyì lè kọ́ yín. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mò ń bi yín. Ẹ ó ní ẹ ti lò ó. Mi ò mọ̀ pé ẹ ń fo ọjọ́, tí ẹ ń kó ìyókù fún Bàbá Ràsákì ọ̀rẹ́ yín, torí ìtọ̀ ń da òun náà láàmú. Àánú ló ṣe yín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Ràsákì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, oògùn yín náà sì máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Bí ó ti dìde níbi tó ti ń kírun, òòyì gbé e ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìtọ̀ yín dí pátápátá. Wọ́n gbé yín lọ sí Ìkàrẹ́, wọ́n fi rọ́bà fà á jáde. Mo pè lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ní oko ni ẹ wà, pé iṣu ọdún yìí dára. Mo bèèrè ariwo tí mò ń gbọ́, ẹ ní àwọn ará Ṣúpárè ló wá ra iṣu. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni ẹ wà. Màámi jókòó tì yín, Bọ̀dá Táyé ló di fóònù mú. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ní kí ẹ bá mi sun ọ̀kan jẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin Bàbá Ràsákì pè mí. Ó ní dókítà fẹ́ mọ orúkọ oògùn tí ẹ fún bàbá òun. Ó rò pé mo ti gbọ́ pé ó ṣubú, pé ẹ̀yin náà sì wà ní ọsibítù. Níbi iṣẹ́ náà ni mo ti pe Màámi.

Màámi ní ẹ kò fẹ́ kí n ronú, torí mo dá wà. Màámi, torí pé mo dá wà ni mo ṣe fẹ́ gbọ́ òótọ́.

Mo dúpẹ́ pé wọ́n ti yọ rọ́bà, pé Bàbá Ràsákì náà ti lọ rí dókítà tirẹ̀. Bí oògùn kò bá bá yín lára mu, dókítà ni kí ẹ sọ fún. Ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ má sì fún ẹlòmíì. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ ní ẹ ti lò ó. Mo ní ẹ ṣeun. Mi ò gbà yín gbọ́, Bàbá, mo sì sunkún torí ẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ara yín yóò le. Ẹ bá mi kí Bàbá Ràsákì kú ìrora. Ẹ kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Mọrẹ́nikẹ́