Ọwọ́ Fúláwà Tó Wà Láyà Rẹ

                                        Ilé Kẹjọ,
                                        Òpópónà Ilé-Omi,
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Gbóná-gbóná,

Ojú rẹ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí, òrùlé yàrá wa tó tún ti ń jò, ikọ́ ìyàwó mi tí kò lọ bọ̀rọ̀, ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn àti àwọn tó ń wà á, àti àwọn fọ́tò tí o ní kí n fi ránṣẹ́: àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n fojú ba oorun láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Bí mo bá rò wọ́n tán, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní, kí n má baà gbàgbé ọ̀kan.

Wò ó, mo ti ń rojọ́ kí n tó kí ọ. Má bínú. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le? Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Tiwa ti ju ogójì lọ, a ò tíì dákẹ́. Ọmọ wa obìnrin tó ń ka lẹ́tà yìí sí ọ létí ńkọ́, ṣé iṣẹ́ aṣọ rírán ń lọ déédéé? Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú bàbá o. Rọra máa kà á, má sì fo ibì kankan, títí kan ibi tí mo bá ti bú bàbá rẹ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a dúpẹ́. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má fi àníyàn tèmi kún tìrẹ. Mo ti gbọ́.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí mo kà á nínú lẹ́tà rẹ pé dókítà ní bóyá ojú náà á tún ríran, bóyá díẹ̀ tó kù níbẹ̀ náà á lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo tún un kà. O ní o fẹ́ rí àwọn fọ́tò ilé búrẹ́dì lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, pàápàá èyí tí ọwọ́ ìyàwó rẹ wà nínú rẹ̀. Mo bá gbé àpótí sọ̀kalẹ̀, mo tú u.

Èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni ti ìgbà tí èmi àti ìwọ fara ti ọkọ̀ tuntun ọ̀gá wa bí ẹni pé àwa la rà á. Ìwọ ń rẹ́rìn-ín bí olówó. Ṣùgbọ́n bí o bá wò mí dáadáa, ẹsẹ̀ mi kan ti yà kúrò nínú fọ́tò, nítorí mo ti gbọ́ ìró bàtà ọ̀gá. Òmíràn ni ti ìgbéyàwó rẹ. Gbogbo èèyàn ló kọjú sí onífọ́tò, títí kan ọmọ ọwọ́. Èmi ọ̀rẹ́ ọkọ nìkan ni mo gbójú sókè. Òjò ni mò ń wò, mò ń sọ pé bóyá á rọ̀, bóyá kò ní rọ̀. Òjò ọ̀hún kò sì rọ̀. Ọjọ́ yẹn ni ìyàwó rẹ sọ mí ní Bóyá, orúkọ náà kò sì kúrò lára mi mọ́.

Ìgbà náà ni mo wá rí èyí tí ò ń bèèrè. Ọmọ mi tó ń kà á, bóyá bàbá rẹ kò sọ ọ́ fún ọ rí. Onífọ́tò kan wá ya gbogbo òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì. Akọ̀wé ni mí níbẹ̀, bàbá rẹ ló ń yọ búrẹ́dì nínú ààrò, tó máa ń pariwo pé, "Gbóná-gbóná! Ẹ yà fún mi!" Ìyá rẹ ń po fúláwà, wọn ò sì tíì mọra ju kí wọ́n kíra lọ. Bàbá rẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú tuntun nítorí fọ́tò, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe fáàrí. Ìyá rẹ gbé abọ́ dé, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ilẹ̀kùn ni ẹ́ ni?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í láyà kúrò lọ́nà. Ìka márààrún hàn funfun báláú lára ṣẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó gbọ̀n ọ́n nù. Ó ní, "Fi sílẹ̀. Bó ṣe wà yẹn ni kí wọ́n ṣe yà mí."

Nítorí ojú rẹ, mo ní kí n sọ fọ́tò náà di ńlá. Mo gbé e fún onífọ́tò ẹ̀yìn ilé wa, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò bí idán. Nígbà tí mo padà lọ, tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi gbé e fún mi. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ rèé, gàgàrà, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ dúdú kirikiri, ó mọ́ tónítóní.

Mo ní, "Ọwọ́ dà?"

"Ọwọ́ wo, Bàbá? Ọwọ́ wọn méjèèjì nìyí."

"Ọwọ́ tó wà láyà!"

"Áà, ìdọ̀tí yẹn? Mo ti bá yín nù ún kúrò. Ọ̀fẹ́ ni mo fi ìyẹn ṣe o."

Ìyàwó rẹ ti lọ, ó ku ọwọ́ rẹ̀, èmi náà ni mo tún gbé ọwọ́ ọ̀hún lọ fún ẹni tó nù ún dànù! Mo jókòó, mo ní kó fún mi lómi. Ó fa dúrọ́ọ̀, ó yọ fọ́tò àtijọ́ síta. Ìka márààrún wà níbẹ̀ digbí. Inú kọ̀ǹpútà nìkan ló ti nù ún. Mo wá sọ ìtàn náà fún un bí mo ṣe sọ ọ́ yìí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ò tètè sọ." Òótọ́ ló sọ. Ó tún òmíràn tẹ̀, ó tóbi débi pé ọwọ́ náà tó ọwọ́ èèyàn gidi. Mo gbé ọwọ́ tèmi lé e. Tìyàwó rẹ kéré sí i díẹ̀, bó ṣe rí nígbà ayé rẹ̀.

Mo gbé e dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní àfi kí n ṣẹ́ ẹ po. Kí n ṣẹ́ ìka ta ni po? Ó tún ní bóyá á dé kó tó di Ọjọ́bọ̀ yẹn, bóyá kò ní dé. Mo gbé nǹkan mi, mo padà sílé. O ti gba bóyá kan lọ́wọ́ dókítà; n kò lè fi òmíràn ránṣẹ́ sí ọ.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé ó kù kí n gbé e wá fún ọ fúnra mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọkọ̀ ń bà mí. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀rù tó ń bà yín ju èyí tó ń ba ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ kan lójú lọ?" Mo bá lọ wá àpò ìrìn-àjò mi.

Bá mi kí àwọn ọmọ àti gbogbo ará ilé, kí o sì kí ìyá onílé tó ń bá ọ kán oògùn sójú. Ọmọ mi, ṣí fèrèsé yàrá bàbá rẹ sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé dáadáa. Bí kò bá sì rí fọ́tò náà, màá gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e, màá sọ ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan wà fún un. Ọkọ̀ àárọ̀ ni màá wọ̀. Òjò ìbáà rọ̀, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá oṣù yìí, ni mò ń gbéra.

                                        Èmi ni tìrẹ, kò sí àní-àní níbẹ̀,
                                        Bóyá.