Ìyá Wa, Ẹnjiníà Ẹsẹ̀

Ọdún 1951 ni a bí ìyá wa, ẹni tí a péjọ nítorí wọn lónìí, sínú yàrá kan lẹ́yìn ilé búrẹ́dì ìyá wọn. Mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú irin ni bàbá wọn, ẹni tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Àgbà, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rárá. Ìyá wa ni àkọ́bí, àwọn nìkan sì ni obìnrin nínú àwọn ọmọ. Kí wọ́n tó mọ̀wé kà ni wọ́n ti tú òṣùwọ̀n tí ìyá wọn fi ń wọn ìyẹ̀fun palẹ̀. Wọ́n jẹ ẹgba díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tò ó padà, ó wọn nǹkan dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní 1970, wọ́n wọ yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Àwọn olùkọ́ a máa kí kíláàsì náà ní "ẹ̀yin ọkùnrin", ìyá wa a sì bá wọn dáhùn. Nígbà tí wọ́n jáde, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìgò gbà wọ́n, ó fún wọn ní ọ́fíìsì, fáànù àti àga tó ń yí. Inú Bàbá Àgbà dùn débi pé ẹni tí kò béèrè pàápàá ni wọ́n ń sọ fún pé, "Ọmọ mi ni ẹ̀rọ ń bẹ̀rù."

Ní 1976, òṣìṣẹ́ kan nílé iṣẹ́ ìgò náà pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ìjàǹbá mọ́tò. Ìyá wa lọ kí i ní ọsibítù, wọ́n sì bá a níbi tó ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ igi rìn. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó ń wọ́ àpò sìmẹ́ńtì. Wọ́n yẹ ẹsẹ̀ náà wò, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ láti wo ibi tí ìwúwo ara ń bọ́ sí, wọn kò sì rí oorun sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọdún kejì, wọ́n fi ilé iṣẹ́ ìgò sílẹ̀, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ lẹ́yìn ọsibítù.

Ó dun Bàbá Àgbà wọra. Wọ́n ní, "Mo rán ọmọ lọ kọ́ ẹ̀rọ, ó wá lọ ń gbẹ́ igi."

Ìyá wa dáhùn pé, "Bàbá, ẹ̀rọ ni ẹsẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ni kò fi àwòrán rẹ̀ sílẹ̀."

Fún bí ọdún méjì, ìkíni nìkan ló kù láàárín bàbá àti ọmọ. Àwọn ará àdúgbò náà dá sí i, wọ́n sọ ìyá wa ní Ẹnjiníà Ẹsẹ̀. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe nígbà náà.

Ní 1978, wọ́n fẹ́ bàbá wa, apòògùn ní ọsibítù kan náà. Ìyá ọkọ wọn béèrè bóyá ẹsẹ̀ ni ìyàwó yìí yóò máa gbé wálé. Ó sì rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Àárín ẹsẹ̀ tó dúró ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ ni àwa ọmọ dàgbà sí, a sì tètè mọ̀ pé a kì í fi aṣọ kọ́ ọ.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni aránṣọ kan wá bá wọn, ẹni tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lókè orúnkún. Ó ní, "Mò ń rìn, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè kúnlẹ̀ kí ìyá mi mọ́. Ṣe ni mo máa ń dúró gbọnin níwájú wọn bí ọlọ́pàá." Orúnkún àtọwọ́dá tó wà lórí igbá nígbà náà, ti ìrìn àti ìjókòó ni, kò sí ẹni tó ro ti ìkúnlẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí ìyá wa kọ́kọ́ rọ já lójijì, aránṣọ ṣubú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó. Ìyá wa sunkún wálé, wọ́n ní bóyá òótọ́ ni bàbá wọn sọ. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló padà wá pé, "Ìgbọ̀nwọ́ mi ti san. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

Èkejì dúró, àmọ́ ó ń ké. Ọjọ́ tí wọ́n ń dán an wò ni ìyá wọn fi búrẹ́dì rán Bàbá Àgbà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tẹ́tí.

"Ta ló rọ orúnkún yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dára. Ṣùgbọ́n ó ń ké bí ilẹ̀kùn. Gírísì yín dà?"

Bàbá àti ọmọ jọ tẹ̀ba lórí tábìlì títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí wọ́n parí, aránṣọ wọ ẹsẹ̀ náà, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Àgbà kú iṣẹ́. Bàbá ní kó dìde. Ó dìde, kò di ẹnikẹ́ni mú. Ọ̀rọ̀ ọdún méjì parí síbẹ̀. Wọn kò dá a sílẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, Bàbá Àgbà fúnra wọn ló ń fi Ẹnjiníà Ẹsẹ̀ yangàn káàkiri.

Láti 1992, nígbà tí ìyá wa ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, wọ́n ń ṣí i sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé fún àwọn tó kàwé ẹnjiníà àti físíìsì tí wọn kò rí iṣẹ́. Wọn kì í rọ gbogbo wọn láti ṣe ẹsẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹni tó mọ bí agbára ṣe ń gba inú irin kọjá lè wádìí bó ṣe ń gba inú eegun. Kí ló tún ń ṣiṣẹ́ lójú yín tí ẹ kò tíì wò?" Ọ̀kan nínú wọn ń tún ohùn ilé eré ṣe lónìí, òmíràn ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ẹnì kan sì ń kọ ìwé sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọdé.

Wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin títí dọjọ́ alẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá akọrin máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rọra kọrin.

Ọkọ wọn ń bẹ láyé, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti àwọn àbúrò. Àbígbẹ̀yìn nínú àwa ọmọ ló ń darí ṣọ́ọ̀bù. Lórí ibùsùn àìsàn, ìyá wa pè é, wọ́n ní, "Ẹ má ti ṣọ́ọ̀bù nítorí mi. Ẹni tó ń retí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de òkú."

A ti gbọ́, Ìyá. Ọjọ́ Ajé la ó ṣí i. Ẹ máa sùn ní àlàáfíà, kí Olúwa tó dá yín fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà yín.